Ọjọ́ tí Tíṣà Ìbídùn Kọ́ Wọn ní “Scatter”

Bí ẹ bá dé Abà Ògúndélé, abúlé kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn òkè, tí kò jìnnà sí Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, tí ẹ béèrè ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, wọn ò ní í dárúkọ Tíṣà Ìbídùn fún yín. Hẹ́dímásítà ni wọ́n máa dárúkọ, nítorí òun ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo abúlé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ẹni tó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó mọ bí yóò ṣe fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti fẹ̀yìn tì láì mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, a ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìgbájọ ni Ìbídùn. Ọkọ ló gbé e dé Òkè-Ìlá: Dáníẹ́lì Ọláyọdé, káfíńtà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gun ọ̀kadà lọ sí abà. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á fẹsẹ̀ rìn ín. Pírámárì Fáìfù ni wọ́n fún un, ọmọ àgbẹ̀ sì ni gbogbo wọn, ọmọ oníṣu, ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ọmọ oníkòkó. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ nílé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Gẹ̀ẹ́sì lójú wọn dà bí aṣọ tí ìyá àgbà tì mọ́ àpótí: wọ́n mọ̀ pé ó wà, wọn ò rí i wọ̀ rí.

Ọ̀nà tí obìnrin yìí fi ń kọ́ wọn, èmi ò tíì rí irú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é, wọn kì í jókòó kà á. Ọjọ́ tó kọ́ wọn ní “sweep”, àwọn ọmọ gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì títí dé iwájú ilé baálẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́ wọn ní “carry”, wọ́n gbé hẹ́dímásítà tòun tàga rẹ̀ yí ilé-ìwé po, bàbá náà ń bú wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó kan “whisper” ló wá le jù. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́ débi pé ìyá kan ya láti oko wá wò ó bóyá wọ́n ti lé àwọn ọmọ lọ sílé. Lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ tó máa ń gbàgbé.

Ibo wá ni wàhálà ti wọlé? Olùkọ́ Gíréèdì Tuu ni Ìbídùn. Nígbà tó jáde, ìwé ẹ̀rí ńlá nìyẹn, wọ́n pa ewúrẹ́ fún un ní Ìgbájọ. Ṣùgbọ́n ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ní àwọn ọdún tí à ń sọ yìí, ìjọba ti ń pariwo pé olùkọ́ tí kò bá ní NCE kò ní í pẹ́ kúrò ní kíláàsì. Ìbídùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kàwé ní gbogbo ìgbà ọlidé nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó ń jókòó láàárín àwọn ọmọbìnrin tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè é ní Mummy. Ó yege nínú gbogbo ìdánwò orí ìwé. Ó wá ku tíṣìn práktíìsì, èyí tí ẹnì kan máa wá láti ilé-ẹ̀kọ́, tí á jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ, tí á máa wò ọ́ bí o ti ń kọ́ ọmọ, tí á sì máa gbé máàkì lé e.

Ohun tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé yìí náà ló fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá wò ó, “bend” ló ń kọ́. Ọmọ kan béèrè bóyá igi lè bend bí ènìyàn ti ń bend. Ìbídùn kó gbogbo wọn jáde lọ síbi igi gúáfà, kí wọ́n tó fọwọ́ fà á tán, aago ti lù. Nínú gbogbo ohun tó kọ sínú lẹ́sìn nóòtù rẹ̀ pé òun máa ṣe lọ́jọ́ náà, ìdajì ni kò ṣe. Ẹni tó wá wò ó sọ fún un pé olùkọ́ tí kò bá tẹ̀ lé nóòtù dà bí awakọ̀ tó fi títì sílẹ̀ wọgbó. Wọ́n ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ó bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí NCE. Bí kò bá sì sí NCE, kí ó lọ máa ta aṣọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ọdún yẹn ni Ìbídùn fi wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń bà á nínú jẹ́. Àwọn ọmọ abà náà ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá kúrò, kò sí olùkọ́ tó máa fẹ́ wá síbẹ̀, ọ̀nà kò dára, iná kò sí, bí wọ́n bá sì rí ẹni rán wá, ẹni náà á ti máa wá ọ̀nà àtilọ láti ọjọ́ tó dé. Dáníẹ́lì sọ fún un ní gbólóhùn kan pé ohun tí ó bá kọ ni kí ó ṣe. Ó gbà. Ó pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, bí ilé bá ń jó, òun á ka nóòtù òun tán kí òun tó sá jáde.

Ní oṣù kẹrin 1997, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ti dé orí “scatter”, òun náà ni Ìbídùn sì mú fún ọjọ́ tí wọ́n máa wá wò ó. Àwọn ọmọ ti ń lo ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi burúkú nìkan ni wọ́n ti ń lò ó. Lẹ́nu wọn, ohun tó bá ti scatter ti bàjẹ́ nìyẹn. Irun Bùsọ́lá scatter. Ìjà scatter ọjà. Ilé bàbá kan báyìí ti scatter láti ọjọ́ tí ìyàwó kejì ti wọlé. Ìwé wọn wá sọ pé àgbẹ̀ kan scatter irúgbìn rẹ̀. Táíwò, ọmọ oníṣu kan nínú wọn, dìde, ó ní àgbẹ̀ náà kò gbọ́n. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ fún un.

Ṣé ẹ rí i, ní Ìgbájọ, ìyá Ìbídùn máa ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ létí odò. Èso tẹ̀tẹ̀ kéré bí iyanrìn, kò ṣe é mú lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìyá rẹ̀ á pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má bàa ṣù jọ síbì kan, á bu ú lẹ́kùn-ún ọwọ́, á sì máa fọ́n ọn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni ń bùkún fún ènìyàn. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti mọ fífọ́n irúgbìn láti kékeré, ó sì rò pé bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò rántí pé kò sẹ́ni tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Abà Ògúndélé. Abẹ́ kòkó ni wọ́n ti ń já tiwọn, Ọlọ́run ló ń gbìn ín. Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn gbìn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Iṣu ń wọ ebè, ẹ̀gẹ́ ń wọlẹ̀, àgbàdo ń wọ ihò ní ẹyọ méjì sí mẹ́ta. Ọmọ tó bá da irúgbìn sílẹ̀ níbẹ̀, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ ṣà á tán kí ó tó jẹun.

Ìbídùn ti tọ́jú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, ó fi ọwọ́ pa á dán bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ó ti po èso tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn sínú abọ́ méjì. Lẹ́sìn nóòtù rẹ̀ mọ́ tónítóní: àwọn ọmọ á pe ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á jáde lọ fọ́n èso, wọ́n á padà wọlé kọ gbólóhùn márùn-ún. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà ṣìnà nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ni wọ́n rán wá lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ dígí, eruku ọ̀nà sì ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mu omi, ó dúpẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dán lẹ́nu àwọn ọmọ, ìtumọ̀ rẹ̀ tún dán jù ú lọ. Wọ́n jọ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé láti scatter ni kéèyàn ju nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkàn Tíṣà balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n jáde síbi bẹ́ẹ̀dì. Ó fi abọ́ méjèèjì lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n scatter the seeds. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ wa ilẹ̀ dídán náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, ebè kéékèèké tí kò ju ìkúùkù lọ, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí oko bàbá wọn. Wọ́n dá ihò sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìka méjì bu èso díẹ̀ tòun tiyanrìn sínú ihò, wọ́n bò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ta sílẹ̀, Táíwò ń ṣà á padà sínú abọ́, ó ń fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, wọ́n sì ń wo ojú Tíṣà bóyá inú rẹ̀ dùn.

Ìbídùn dúró lórí wọn, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ti sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu tán, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni ohun tí Táíwò sọ wá yé e. Ó gbọ́ tí bírò Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ń họ ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku kí wọ́n padà wọlé kọ gbólóhùn márùn-ún, àwọn ọmọ náà á sì kọ ọ́, wọ́n á wò ó látinú ìwé, á péye, ẹni tó wá wò ó á fún un ní máàkì, á lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ti yí padà sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó tiẹ̀ ti ya ẹnu láti sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé.

Kò sọ ọ́. Ojúlé Ìyá Jímọ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ìyá náà jókòó síta, ó ń yín àgbàdo gbígbẹ fún gbígbìn. Àwọn adìẹ rẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri ọgbà ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìbídùn sọdá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá fún òun ní àgbàdo díẹ̀. Ìyá kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó ti mọ ìṣe rẹ̀, ó bu ú kún igbá kékeré fún un. Bó ti ń padà bọ̀ ló mọ̀ pé òun ti fi NCE òun sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Ó pe àwọn ọmọ yí ara rẹ̀ ká. Ó da àgbàdo bíi mélòó kan sílẹ̀ lójú kan, ó ṣù jọ. Àkùkọ Ìyá Jímọ̀, ẹyẹ oníwọra kan báyìí, sáré dé, ó dúró lórí rẹ̀, ó ń ṣá àgbébọ̀, ó ń lé àwọn òròmọdìẹ dànù. Àwọn ọmọ kò lè mú un mọ́ra. Kò sí ilé kan lábà náà tí wọn kì í ti í bọ́ adìẹ kí wọ́n tó wá síléèwé, kò sì sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì lù rí pé ó da oúnjẹ adìẹ síbì kan. Wọ́n ń pariwo pé kí Tíṣà má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó na igbá sí wọn, ó ní kí wọ́n ṣe é bó ti yẹ.

Ọwọ́ ń lọ sínú igbá, ọwọ́ ń jáde. Àgbàdo ń fò lọ sápá ọ̀tún, ó ń fò lọ sápá òsì, ó ń bọ́ sẹ́yìn àwọn adìẹ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àkùkọ sá sọ́tùn-ún, ó sá sósì, kò mọ èyí tí yóò gbà mọ́ra, ó wá jókòó ti tirẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ rí jẹ. Ìbídùn bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí wọ́n ṣe. “Scatter” ni wọ́n fi dáhùn, ó sì jáde láti ikùn wọn lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá gbọ́ ọ. Ó bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Tèmítáyọ̀, ọmọ oníkòkó kan tí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ya ẹnu, dá a lóhùn pé, “So that the small one will eat, mà.”

Tíṣà yí ojú sí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀. Ó nawọ́ sí i, ó ní èso tí ẹ kó sínú ihò kan yìí, tó bá hù, èwo ló máa rí jẹ? Wọ́n wo ebè wọn. Táíwò ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wó tirẹ̀. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà padà, wọ́n bu èso tó kù, wọ́n sì fọ́n ọn, ọwọ́ wọn ṣí sílẹ̀, ó lọ káàkiri. Bí wọ́n ti ń fọ́n ọn ni wọ́n ń wí pé àwọn scatter the seeds, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wí i. Aago lù. Wọn ò kọ gbólóhùn kan.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti sá lọ ṣeré tán, Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí wá bá a níbi bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyáàfin Ọláyọdé, ẹ kúrò lórí nóòtù yín.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Wọ́n sọ fún mi pé ohun tó ṣe yín lésìí nìyẹn.”

“Òun náà ni, sà.”

“Kí ló wá dé tí ẹ tún ṣe é?”

Ìbídùn nu iyanrìn kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀, ó ku òtítọ́ nìkan. “Sà, ẹ̀yin ń padà lọ nísinsìnyí. Èmi àti àwọn ọmọ wọ̀nyí la jọ máa wà níbí lọ́la. Bí mo bá tẹ̀ lé nóòtù, inú yín á dùn sí mi, àwọn á sì lọ sílé láì mọ̀ ọ́n. Mi ò lè ṣe é, sà. Ẹ má bínú.”

Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dé bírò rẹ̀, ó kí hẹ́dímásítà, ó gun máṣìnì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí Ìbídùn rò ó fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́, Dáníẹ́lì fi pátákó tó ń fá sílẹ̀. Ó ní, “O ṣe é dáadáa.” Kò fá pátákó mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Títí di oṣù kẹjọ ni wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìbídùn ń lọ síṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni fẹ́ rìnrìn àjò ti ń wo ará ilé rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà hù, wọ́n já a, wọ́n pín in. Nígbà tó yá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pe gbogbo àwọn tó ṣe tíṣìn práktíìsì pé kí wọ́n wá gbọ́ èsì wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ìbídùn, Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí fúnra rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ní kí ó jókòó, kò jókòó.

“Mo yọ gbogbo máàkì nóòtù yín,” ọkùnrin náà wí. “Ẹ ò tẹ̀ lé e, mi ò sì lè ṣe ojúsàájú. Gbogbo èyí tó kù, mo fún yín pé. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò rí i kí n fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ yege.”

Ìbídùn dúpẹ́. Ó rìn jáde dáadáa, ó dé orí àtẹ̀gùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó bo ojú rẹ̀ mọ́ gèlè, ó sunkún. Ní iwájú rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ti yege ń jó. Wọ́n ń ka ìlú ńlá tí wọ́n máa wá iṣẹ́ lọ, Òṣogbo, Ìbàdàn, Èkó, wọ́n ń dúpẹ́ pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ abúlé. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Olúwaṣeun rí Mummy wọn lórí àtẹ̀gùn, ó sá tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé Ọlọ́run á tún ọ̀nà mìíràn là.

“Mo yege, ọmọ mi.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ń sunkún, mà?”

“Wọn ò lè gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mi mọ́.”